Eyín Mélòó Ló Wà Nínú Dífù Ọkọ̀ Yín?

Awakọ̀ kan gba ọkọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ mẹkáníìkì nírọ̀lẹ́. Ákísù ẹ̀yìn tó ń hu tẹ́lẹ̀ ni wọ́n yọ, wọ́n fi tòkúnbọ̀ mìíràn sí i, híhu sì dákẹ́. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó kó èrò kún ọkọ̀ ní Tákíè n’Ògbómọ̀ṣọ́, ó dorí kọ Ìbàdàn, kò tíì dé Ọ̀yọ́ tó fi mọ̀ pé nǹkan ti yàtọ̀. Gíà karùn-ún tó máa ń gbé e lọ tẹ́lẹ̀ kò gbé e mọ́. Bí ọ̀nà bá ti rọra gòkè báyìí, àfi kó bọ́ sí gíà kẹrin. Bí ó bá gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìkẹta. Ó pe mẹkáníìkì: “Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí ò fà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ o.” Ìyẹn ní kó gbé e wá kí àwọn wo pọ́ńpù epo. Wọ́n wo pọ́ńpù, wọ́n pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, wọ́n já gíábọ́ọ̀sì sílẹ̀ nítorí kílọ́ọ̀ṣì. Owó ń lọ, ọkọ̀ ò fà. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju èyí lọ: ákísù tí wọ́n yọ, dífù inú rẹ̀ ní eyín 41 lára kíráùn, ìyẹn gíà ńlá, àti eyín 9 lára píníọ̀nù, ìyẹn gíà kékeré tó ń yí i. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní 41 àti 10. Eyín kan péré ló fi yàtọ̀, kò sì sẹ́ni tó kà á.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí pọ̀ lọ́dọ̀ wa, láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́, ó sì ń dùn mí torí pé kíkà eyín kì í náni ní kọ́bọ̀. Ákísù tòkúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń rà, bóyá ní Agodi Gate n’Ìbàdàn tàbí ní Ládípọ̀ l’Ékòó, ohun tí a sì ń bi ẹni tó ń tà á kò ju méjì lọ: “Ṣé ó máa wọlé?” àti “Èló ni?” Ó lè wọlé pátápátá, kí ihò bóòtù rẹ̀ bá ara mu, kí pùròpẹ́là, irin gígùn tó ti gíábọ́ọ̀sì wá, gún régé, síbẹ̀ kó sọ ọkọ̀ yín di ọkọ̀ mìíràn.

Dífúrẹ́ńṣà ni ìkòkò irin tó wà lára ákísù, láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Dífù ni mo máa pè é níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ iṣẹ́ rẹ̀ kan: òun ló ń jẹ́ kí táyà ìta rìn ju ti inú lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣẹ́ kọ́nà. Iṣẹ́ kejì ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Pùròpẹ́là tó ti ara gíábọ́ọ̀sì wá ló ń yí píníọ̀nù kékeré, píníọ̀nù sì ń yí kíráùn ńlá tó so mọ́ táyà. Bí kíráùn bá ní eyín 41, tí píníọ̀nù ní 10, pùròpẹ́là ní láti yí lẹ́ẹ̀mẹrin àti díẹ̀, ìyẹn 4.1, kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí píníọ̀nù bá jẹ́ 9, ó di 4.556. Iye yìí ni wọ́n ń pè ní réṣíò. Bí iye náà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọkọ̀ ń ní ipá láti fà, tí eré rẹ̀ sì ń dínkù.

Ẹni tó bá ru àpò gàrí gun òkè kì í fi ẹsẹ̀ gígùn gùn ún. Ìgbésẹ̀ kéékèèké ló ń gbé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yára, ọ̀nà tó ń rìn nínú ìgbésẹ̀ kan á kúrú, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ á lè gbé ẹrù náà. Bí ó bá sọ àpò kalẹ̀, ó lè na ẹsẹ̀. Ẹni náà ni, okun inú rẹ̀ ò yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì. Dífù kò fi agbára kankan kún ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun fẹ́ bá yín pààrọ̀ dífù kí ọkọ̀ lè lágbára sí i, kí ó sì tún sáré sí i, kò sọ òótọ́. Ohun tí ẹ fún fífà, ara eré lẹ ti yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń hàn kedere. Ẹ mú táyà 195R15, irú èyí tó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ Hiace. Bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń rìn tó nǹkan bíi mítà 2.1 nílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, táyà náà ń yí bíi ìgbà 794 ní ìṣẹ́jú kan. Ní gíà kẹrin, níbi tí gíábọ́ọ̀sì kì í ti í fi kún un tàbí yọ nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì àti pùròpẹ́là jọ ń yí bákan náà: ìgbà 3,254 bí dífù bá jẹ́ 4.1, ìgbà 3,616 bí ó bá jẹ́ 4.556. Bí ẹ bá gbé 4.875 sí i, ìyẹn eyín 39 lórí 8, ó di 3,869, ariwo rẹ̀ nìkan á sì jẹ́ kí èrò ẹ̀yìn máa wo ojú ara wọn. Ká ní gíà karùn-ún jẹ́ 0.85, iye wọ̀nyẹn á wá sílẹ̀ sí 2,766 àti 3,073 fún méjì àkọ́kọ́.

Ẹ wo ìhà kejì. Ká ní ẹ́ńjìnnì kan ní ipá ìyí 200 N·m (níútìn-mítà, òṣùwọ̀n ipá ìyí), tí gíà kìíní rẹ̀ jẹ́ 3.9. Pẹ̀lú dífù 4.1, ohun tó máa dé ọ̀dọ̀ táyà tó 3,198 N·m, láì tíì yọ èyí tí ìfirara eyín àti bẹ́ríìnì máa jẹ. Pẹ̀lú 4.556, ó di 3,554. Ìyẹn fi ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ọkọ̀ bá ti kún fún iṣu, tó sì fẹ́ gbéra lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìdá mọ́kànlá yẹn ni kì í jẹ́ kí awakọ̀ máa sun kílọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n gíà kìíní tó máa ń dé 39 kìlómítà ní wákàtí kan kí ẹ́ńjìnnì tó yí dé ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan, 35 péré ló máa dé báyìí. Ọwọ́ awakọ̀ á máa lọ sí gíà léraléra láàárín ìlú. Ẹni tó bá ń wọ Sábó tó ń jáde lójoojúmọ́ á rí ìyàtọ̀ náà ní apá ọ̀tún àti orúnkún òsì rẹ̀ kó tó rí i níbòmíràn.

Èwo ló wá dára? Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáhùn fún yín láì tíì bi yín ní ọ̀nà tí ẹ ń rìn àti ohun tí ẹ ń kó. Ọkọ̀ tó ń ti oko Òrìrè tàbí Ìkòyí-Ilé kó iṣu àti pákí wá sí ọjà, tí ilẹ̀ jẹ́ yẹ̀pẹ̀, tó ń gbéra tó ń dúró, tí kì í kọjá 80, dífù tó ń fà ni tirẹ̀. 4.556 yẹ ẹ́. Ọkọ̀ akérò tó ń lọ Ìbàdàn tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, tí epo bẹtiróò ló ń lò, 4.1 dára fún un. Bí ẹ bá fi 4.556 sí i, ẹ́ńjìnnì á máa ké látàárọ̀ dalẹ́, epo á sì máa lọ. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ẹni tó ń ti ilé lọ Yunifásítì LAUTECH tó ń padà, ẹ fi ti iléeṣẹ́ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ọ̀rọ̀ epo yìí máa ń da àwọn ènìyàn rú. Wọ́n rò pé dífù tó ń sáré ló ń ṣọ́ epo lọ́wọ́ nígbà gbogbo. Ó rí bẹ́ẹ̀ bí ọkọ̀ bá fúyẹ́, tí ọ̀nà sì tẹ́jú. Bí ọkọ̀ bá ti kún, gíà karùn-ún á máa mú ẹ́ńjìnnì wálẹ̀ sí 1,500, awakọ̀ á tẹ tọ́tù dé ilẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, á máa lu gbà-gbà bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù nà án nínú. Epo tó ń wọlé pọ̀, iṣẹ́ tó ń jáde kéré, písítìnì àti bẹ́ríìnì ló ń jìyà rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì sábà máa ń fà dáadáa jù láti bíi 2,000 sí 2,400. Ti bẹtiróò máa ń gòkè tó 3,500 tàbí 4,000 kó tó dé ibi tí ipá rẹ̀ ti pé. Ibi tí ẹ́ńjìnnì yín ti lágbára jù ni kí dífù gbé e sí, ní eré tí ẹ sábà máa ń sá pẹ̀lú ẹrù tí ẹ sábà máa ń kó.

Ohun kan tún wà tí mi ò lè fò kọjá. Níbikíbi tí ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ bá ti jọ ń pín ọ̀nà kan ṣoṣo láàárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yìn tírélà ni ọ̀pọ̀ ìrìnàjò ti ń parí. Awakọ̀ á wà lẹ́yìn tírélà ní 70, á yọjú, á rí àyè, á tẹ tọ́tù. Ní gíà kẹrin pẹ̀lú dífù 4.1, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní bíi 2,280. Pẹ̀lú 4.556, ó wà ní 2,530. Ẹni tó ti mọ́ lára pé gíà kẹrin máa gbé òun kọjá, tí wọ́n wá pààrọ̀ dífù rẹ̀ láì sọ fún un, ó lè jáde síta kí ọkọ̀ má dáhùn bó ṣe rò. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ló máa fi pẹ́ sí i ní ojú ọ̀nà ọkọ̀ tó ń bọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé mẹkáníìkì tó bá yí réṣíò padà, kódà bí ó jẹ́ sí èyí tó dára jù, gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó máa wa ọkọ̀ náà kó tó fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Báwo lẹ ṣe máa ka eyín nígbà tí dífù ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀? Ẹ ò ní láti tú nǹkan kan. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi òkúta tàbí igi há táyà iwájú méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn, kó há gan-an, torí pé ẹ máa tú bíréékì ọwọ́ sílẹ̀. Ẹ jáàkì táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo sókè, ẹ fi irin ìdúró gbé ákísù, kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì. Táyà kejì á wà nílẹ̀. Gíà á wà ní fírì. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà funfun sára pùròpẹ́là àti sára ìkòkò dífù níbi tí wọ́n ti kojú ara wọn, ẹ fa òmíràn sára táyà tó wà lókè àti ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan á rọra máa yí táyà, ẹnì kejì á máa ka pùròpẹ́là.

Nítorí pé táyà kan dúró, táyà kejì ní láti yí lẹ́ẹ̀mejì kí kíráùn tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ yí i ní ogún ìgbà. Iye tí pùròpẹ́là bá yí, ẹ pín in sí mẹ́wàá. Bí ó bá yí 41 géérégé, tí ìlà ṣọ́ọ̀kì padà kojú ara wọn bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, 4.1 ni. Bí ó bá yí 45, tó tún lé ní ìdajì, 4.556 ni. Bí ó bá jẹ́ 43, 4.3. Ogún ìgbà ni mo ní kí ẹ yí i, kì í ṣe ìgbà méjì, torí ẹni tó bá yí i lẹ́ẹ̀mejì á máa méfò bóyá mẹ́rin àti díẹ̀ ni àbí mẹ́rin àti ààbọ̀. Àwọn dífù kan wà tó ń di táyà méjèèjì pọ̀, tí ẹ ò ní lè yí ọ̀kan nígbà tí èkejì wà nílẹ̀. Fún irú wọn, ẹ gbé táyà méjèèjì sókè, kí ẹ yí wọn ní ìgbà mẹ́wàá.

Àwo irin kékeré kan sábà máa ń wà lára ọkọ̀ Toyota, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tí wọ́n kọ àmì ákísù sí. Ó dára láti wò ó, ṣùgbọ́n ohun tí ọkọ̀ gbé jáde láti iléeṣẹ́ ló ń sọ. Kò mọ̀ nípa ákísù tí ẹ rà lọ́dún tó kọjá. Ṣọ́ọ̀kì ni kí ẹ gbà gbọ́.

Bí ẹ bá wà níwájú ẹni tó ń ta ákísù, tó sì ṣeé ṣe láti rí inú rẹ̀, ẹ ka eyín náà gan-an. Ẹ fi pẹ́ńtì sàmì sí eyín kan, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ kí ẹ sì padà síbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń wò ó, ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n fín sára kíráùn àti sára orí píníọ̀nù. Tí wọ́n bá ti fín nọ́ńbà kan náà sí méjèèjì, ìbejì ni wọ́n. Wọ́n ti lọ̀ wọ́n pọ̀ láti iléeṣẹ́ títí ojú wọn fi mọ ara wọn. Wọn kò ṣe 40 lórí 10. 41 lórí 10 ni, kí eyín kan má bàa máa pàdé ẹnìkejì kan náà nígbà gbogbo. Kíráùn ní láti yí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí eyín kan tó tún pàdé èyí tó kọ́kọ́ pàdé, kó tó dìgbà náà gbogbo eyín ti kan gbogbo eyín. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá mú kíráùn ọ̀tọ̀, tó mú píníọ̀nù ọ̀tọ̀, torí pé iye eyín wọn pé, fi ń ra híhu. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ó máa jẹ ara rẹ̀ dọ́gba. Kò ní jẹ ara rẹ̀ dọ́gba; ó máa jẹ ara rẹ̀ tán ni.

Táyà náà jẹ́ ara réṣíò, ọ̀pọ̀ ò sì kà á sí. Ẹni tó bá bọ́ táyà tó ń rìn mítà 2.1, tó gbé èyí tó ń rìn 2.3 wọ ọkọ̀ rẹ̀ nítorí ọ̀nà oko, ti pààrọ̀ dífù láì mú sípánà. 4.1 rẹ̀ ti di bíi 3.74. Ọkọ̀ á rọ, á wá máa bú ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá fẹ́ kí ọkọ̀ fà bíi ti tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú táyà ńlá náà, dífù tó yẹ ẹ́ máa súnmọ́ 4.5, èyí tó túmọ̀ sí pé 4.556 gan-an ló ń wá. Kí ẹ mọ iye tí táyà yín ń rìn, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i nísàlẹ̀, ẹ ti ọkọ̀ títí àmì náà á fi tún kan ilẹ̀, ẹ fi téèpù wọn àárín àmì méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí ẹrù tí ẹ máa ń kó wà lórí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n.

Nínú ọkọ̀ tí táyà iwájú ló ń fà, bíi Corolla tàbí Camry, inú gíábọ́ọ̀sì ni dífù wà. Gíábọ́ọ̀sì tòkúnbọ̀ tí ẹ bá rà lè gbé réṣíò tirẹ̀ wá. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ti Hilux àti àwọn ọkọ̀ oní-táyà-mẹ́rin le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dífù iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ réṣíò kan náà. Ẹni tó bá pààrọ̀ ti ẹ̀yìn nìkan lè wa ọkọ̀ náà fún oṣù mẹ́fà láì mọ nǹkan kan, torí táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀dà. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, tí ó wọ ẹrẹ̀, tó fa gíà kékeré láti fi iwájú kún un, iwájú fẹ́ lọ ní eré kan, ẹ̀yìn fẹ́ lọ ní òmíràn. Nínú ẹrẹ̀, táyà á máa yọ̀, ó lè gbà á díẹ̀. Bí ó bá fi jáde sórí ọ̀dà gbígbẹ, táyà kò rí ibi yọ̀, gbogbo ìjà náà á wọnú gíábọ́ọ̀sì kékeré tó ń pín agbára. Ṣéènì inú rẹ̀ á já, tàbí gíà á fọ́, tàbí kúrọ́ọ̀sì pùròpẹ́là, ìyẹn oríkèé rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló máa ń ṣẹlẹ̀, kò ní fi tó yín létí.

Wíwọ̀n kíráùn àti píníọ̀nù tuntun sínú ìkòkò ni iṣẹ́ tó ń fi ọ̀gá hàn. Èyí tí ẹ máa rà yàtọ̀ sí eyín méjèèjì: bẹ́ríìnì píníọ̀nù méjì, bẹ́ríìnì ẹ̀gbẹ́ méjì, ọ́ìlì síìlì, nọ́ọ̀tì píníọ̀nù tuntun, gásíkẹ́ẹ̀tì, àti páìpù kékeré tó ń fún pọ̀ láàárín bẹ́ríìnì píníọ̀nù. Páìpù yìí ni ọ̀pọ̀ ń lò lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kan ló ń fún. Bí ẹ bá ń de nọ́ọ̀tì, ẹ rọra dè é, kí ẹ máa fi ọwọ́ yí píníọ̀nù wò, kí ó máa le díẹ̀díẹ̀ títí ipá tó fi ń yí á fi wà láàárín 1 sí 2 N·m fún bẹ́ríìnì tuntun, tàbí iye tí ìwé ọkọ̀ yẹn bá sọ. Bí ẹ bá dè é kọjá, ẹ má tú u padà díẹ̀ kí ẹ ní ó ti tó. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi páìpù tuntun sí i. Bí ẹ bá tú u díẹ̀, bẹ́ríìnì á máa rìn, píníọ̀nù á máa sún sẹ́yìn nígbàkúùgbà tí awakọ̀ bá tẹ tọ́tù.

Lẹ́yìn èyí ni àyè tó wà láàárín eyín méjèèjì. Fún ọ̀pọ̀ dífù Toyota, 0.13 sí 0.18 mílímítà ni. Ọwọ́ kò lè mọ ìyẹn, ojú kò lè rí i. Dáyà géèjì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin yí kíráùn ká. Bí iye náà bá ń yàtọ̀ láti ibì kan sí èkejì ju bó ṣe yẹ lọ, kíráùn kò jókòó dáadáa. Ẹ wò ó bóyá ìdọ̀tí tàbí irun irin kékeré há sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀dà ló máa wá sọ òótọ́. Ẹ fi ọ̀dà aláwọ̀ ofeefee tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yìí kun eyín kíráùn mẹ́rin tàbí márùn-ún, kó fẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fi igi há kíráùn díẹ̀ kó lè le, ẹ fi sípánà yí píníọ̀nù síwájú, ẹ yí i sẹ́yìn. Ibi tí eyín ti kan ara wọn, ọ̀dà á ṣí kúrò, irin á hàn. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì. Bí ojú tó hàn bá wà láàárín eyín, tó gùn bí irúgbìn ìbẹ́pẹ tí wọ́n fẹ̀, tí kò dé etí òkè, tí kò dé ìdí, ó dára. Bí ó bá wà ní ìdí eyín, píníọ̀nù ti wọlé jù. Ẹ lo ṣíìmù, ìyẹn òrùka irin pẹlẹbẹ, tó fẹ́lẹ́ ju ìyẹn lọ lẹ́yìn orí rẹ̀. Bí ó bá wà ní góńgó òkè, píníọ̀nù jìnnà. Ṣíìmù tó nípọn sí i. Bí ó bá sún mọ́ ìpẹ̀kun kékeré tó kọjú sí àárín kíráùn, àyè tó wà láàárín wọn kéré jù; bí ó bá sún mọ́ ìpẹ̀kun ńlá níta, àyè náà pọ̀ jù. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí ṣíìmù padà, ẹ tún àyè náà wọ̀n, kí ẹ tún ọ̀dà kùn. Ó lè gbà yín ní ìgbà márùn-ún. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun ti ṣe é tán láàárín wákàtí kan, ẹ béèrè ojú tí ọ̀dà fi hàn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ní kó ya fọ́tò rẹ̀ fún yín.

Ọ́ìlì tó yẹ kó wọ ibẹ̀ ni ọ́ìlì gíà GL-5, 80W-90 tàbí 85W-90, títí yóò fi dé ẹnu ihò tí wọ́n ń gbà rọ ọ́. Eyín yìí kì í kàn ń pàdé ara wọn, wọ́n ń yọ̀ lórí ara wọn pẹ̀lú ipá ńlá, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lásán kò lè gbà wọ́n sílẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò tán, tí wọ́n ń rọ sínú dífù lọ́pọ̀ ibi nítorí pé kò náwó, ńṣe ló ń lọ eyín náà kúnná.

Spídómítà kò ní mọ̀ pé ẹ yí nǹkan padà bí ó bá jẹ́ irú tó ń gba ìròyìn láti ara gíábọ́ọ̀sì. Awakọ̀ tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, tó bọ́ láti 4.556 sí 4.1, bí spídómítà rẹ̀ bá ń sọ 100, ó ń sá 111. Ẹni tó lọ láti 4.1 sí 4.556, tirẹ̀ ń sọ 100 nígbà tó ń sá 90. Gíà rọ́bà kékeré kan wà lẹ́yìn gíábọ́ọ̀sì tí wọ́n lè pààrọ̀ kó lè bá réṣíò tuntun mu. Àwọn ọkọ̀ tó ń ka eré láti ara táyà kò níṣòro yìí, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oní-kọ̀ǹpútà tuntun, kọ̀ǹpútà ń fi yíyí gíábọ́ọ̀sì wé yíyí táyà. Bí wọn kò bá bá ara mu, ó lè tan iná sí dáṣíbọ́ọ̀dù tàbí kí gíà ọ́tò máa wọlé ní ibi tí kò yẹ.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti wọlé, ẹ wà á jẹ́jẹ́ fún bíi ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láì kó ẹrù, ẹ dúró kí ìkòkò náà tutù pátápátá, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má kó iṣu, ẹ má wọ́ ọkọ̀ kankan títí tí ẹ fi máa rin 800 kìlómítà. Nínú ìrìn yẹn, ẹ máa tẹ́tí. Bí ó bá ń hu nígbà tí ẹ tẹ tọ́tù nìkan, ojú eyín tó ń fà ni kò jókòó. Bí ó bá ń hu nígbà tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, ìhà kejì eyín ni, tàbí bẹ́ríìnì píníọ̀nù tú. Bí ó bá ń kùn ní gbogbo ìgbà, láì wo tọ́tù, bẹ́ríìnì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá ń dún gbàm̀ nígbà tí ẹ bá wọ gíà, àyè pọ̀ jù níbì kan, ó sì lè jẹ́ kúrọ́ọ̀sì pùròpẹ́là ni, torí pùròpẹ́là náà ń yí kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí réṣíò bá gòkè.

Ní 800 kìlómítà, ẹ da ọ́ìlì náà nù nígbà tó bá ṣì gbóná. Ẹ wo máágínẹ́ẹ̀tì tó wà lórí ìdérí ìsàlẹ̀. Ẹrọ̀fọ̀ dúdú tó rọ̀ bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, eyín ló ń mọ ara wọn, kò burú. Bí ohun tó ń dán bá wà nínú rẹ̀, tó ń gún ìka, ẹ tún un tú. Bí kò bá sí, ẹ rọ ọ́ìlì tuntun sí i, ẹ nu ìkòkò náà mọ́, kí ẹ fi pẹ́ńtì funfun kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ gàdàgbà: 41/9, 4.556, táyà 195R15, àti ọjọ́ tí ẹ ṣe é, níbi tí ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì á ti rí i.